Ìyá Olórín Tó Ń Lé Òjò Lọ sí Mẹ́kà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín mi kò tíì pé lẹ́nu, ìlú Jẹ́dà ni mo gbé, ní àdúgbò kan létí òkun tí wọ́n ń pè ní Ruwáìsì. Ẹ má wò mí pé mò ń ta jálàbíà nínú ọjà Ìlọrin lónìí kí ẹ rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Sáúdí ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sáúdí fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń ru ẹrù fún àwọn tó ń ta aṣọ ní Bálàdì, ìyẹn Jẹ́dà àtijọ́, ìyá mi sì ń se mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tà nínú ilé fún àwọn ará wa. Bí ìyá mi bá sọ Yorùbá sí mi, Lárúbáwá ni mo fi ń dá a lóhùn, òun náà a sì fi ọwọ́ dá mi lóhùn. Ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi ní Yorùbá tí mo ń kọ sí yín yìí. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ìyá mi ni kí ẹ bá wí, kò lù mí tó.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun Kùwéètì ni mò ń sọ. Nínú gbogbo ọdún, ìgbà kan ni mo fẹ́ràn jù ní Jẹ́dà, ìyẹn bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé títí yóò fi parí. Ẹnìkan tó kàwé sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín títí. Igi wo ló wà ní Ruwáìsì tí ewé rẹ̀ yóò wọ́? Nílé níbí, ọyẹ́ ló máa ń múra àtidé lásìkò yẹn. Ní tiwa lọ́hùn-ún, ooru ló máa ń dẹwọ́.

Ooru Jẹ́dà kì í ṣe ooru tí ẹ mọ̀ o. Nígbà tó bá mú, gbogbo fèrèsé ni à ń tì pa, ẹ̀rọ amúlétutù á máa kùn bí ẹ̀rọ ọlọ́gì láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀. Èèyàn lè kú ní yàrá kejì kí a ṣì máa jẹun lọ. Àfi bí oṣù kọkànlá bá dé tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí òkun, ìyá mi á wá pariwo pé, "Ẹ pa nǹkan yẹn kí etí mi sinmi!" Bí a bá ti pa á, kẹ́kẹ́ á pa. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa gbọ́ ara wa: ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún, ìkòkò tó ń hó, tọkọtaya ará Sùdáànì tó ń jà nísàlẹ̀. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé èèyàn la bá gbé.

Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni mo mọ Ìyá Olórín dáadáa. Yàrá rẹ̀ fara ti tiwa. Ó ti wá ṣe Hájì kí wọ́n tó bí mi, kò sì padà sílé mọ́. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó relé, tí díẹ̀ ọ̀hún kò tán. Orín ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí kan ní Bálàdì. Á rẹ orín sómi, á gé e, á fi ọ̀bẹ bó orí rẹ̀ díẹ̀ kí oníbàárà lè rí i pé funfun ni inú rẹ̀, á wá fi àpò tó tutù wé gbogbo rẹ̀. Lásìkò ooru, kí ó tó dé ìdí ìsọ̀ ni orín á ti gbẹ bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dẹwọ́, orín á tutù di ìrọ̀lẹ́, ọjà á tà, ẹnu Ìyá Olórín á sì là.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ó tẹ́ ẹní sórí òrùlé. Òrùlé ibẹ̀ kì í ṣe òrùlé páànù, pẹrẹsẹ ló rí bí àgbàlá. Orí rẹ̀ là ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ ni onílé ń sin ẹyẹlé sí. Ìyá mi á gbé tíì tí a fi ewé nánà tó ń ta sánsán sí wá, Ìyá Olórín á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á wá bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó ń dúpẹ́ bíi tirẹ̀.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé okùn bàtà mi kò já lónìí. Mo dúpẹ́ pé ọkùnrin tó ná orín mi bí ẹni ń ná ràkúnmí, ó padà rà á. Mo dúpẹ́ pé ọlọ́pàá wò mí, ó sì wo ibòmíràn. Mo dúpẹ́ fún atẹ́gùn tó ń wọ inú ìborùn mi yìí. Mo dúpẹ́ fún tíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó yìí ń ṣahun ṣúgà."

Ìyá mi ló ń pè ní ìyàwó. Ìyá mi á ní, "Àlàájà, ẹ kò tíì dúpẹ́ fún ẹ̀fọn."

"Màá dúpẹ́ fún ẹ̀fọn náà. Ṣebí ìwọ ló ń jẹ, kò jẹ èmi."

A ó rẹ́rìn-ín títí ẹyẹlé á fi máa fò. Ẹ ò rí i, nígbà yẹn mo rò pé eré ni obìnrin yẹn ń ṣe. Èmi tí mo ti tajà títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú oòrùn nítorí orín, tó sì dé ilé tó rántí okùn bàtà rẹ̀, kì í ṣe ẹni eré.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í mẹ́nu bà lórí òrùlé. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Bí ó bá ti kírun ìdájí tán, á máa dárúkọ ọkùnrin kan, á sì máa sunkún. Mo bi ìyá mi léèrè. Ìyá mi kọ́kọ́ fa etí mi pé mò ń yọ́ gbọ́ àdúrà àgbàlagbà, lẹ́yìn náà ló sọ fún mi.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Olórín bí. Nígbà tó ń bọ̀ wá sí Hájì, ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló fi ọmọ náà sí, eyín wàrà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ó ní òun yóò kọ́ ilé fún un. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá àgbà tó tọ́ ọmọ náà kú, ọmọ náà dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, Ìyá Olórín ṣì wà ní Jẹ́dà. Lọ́dọọdún, bí Hájì bá ti dé, á lọ máa bá wọn fọ ìkòkò nínú àgọ́ àwọn ará wa ní Mínà, lẹ́bàá Mẹ́kà, nítorí kí ó lè rí ará ìlú rẹ̀ tí yóò bi léèrè ọmọ rẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó rí Àlàájì kan tó wá láti agbolé wọn gan-an. Ó kí i, ó bu omi fún un, ó ní, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Àlàájì náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Iṣẹ́ tó rán mi ni mo fẹ́ jẹ́ o. Ó ní bí mo bá rí yín, kí n sọ fún yín pé ìyá òun ti kú sí Mẹ́kà."

Ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní Ìyá Olórín fọ ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó dà á dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun yóò relé. Ohun kan ló kù tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tó ti dé Mẹ́kà mọ̀ pé lókè Kábà, wọ́n fi wúrà ṣe ibi tí omi òjò ń gbà dà sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀ṣọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sá lọ bá, wọ́n á dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa tọrọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìyá Olórín ní abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ yẹn lòun yóò ti bẹ Ọlọ́run kí ọmọ òun gba òun, kí òun tó lọ fojú kàn án. Ó ní òun kò lè lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ wá wo wàhálà. Mẹ́kà kì í ṣe Ìbàdàn tí òjò ń rọ̀ bí ẹni tó ní ìbínú. Ìgbà díẹ̀ péré lọ́dún ni òjò ń ya ibẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ àsìkò yẹn, ìgbà tí ooru bá dẹwọ́. Bí ìkùukùu kékeré bá ti ṣú, Ìyá Olórín á ká orín rẹ̀ nílẹ̀, á wọ takisí, ó di Mẹ́kà. Kí ó tó débẹ̀, oòrùn ti yọ, àwọn tó rí òjò ń fún aṣọ wọn gbẹ. Nígbà kan, ó dọ́gbọ́n, ó ní òun kò ní lé òjò mọ́, òun yóò lọ dè é. Ó lọ gbé ọ̀dọ̀ obìnrin Hausa kan ní Mẹ́kà fún odindi ọ̀sẹ̀. Ojú ọ̀run Mẹ́kà mọ́ gaara bí àwo tí a fọ̀. Ní Jẹ́dà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Òjò rọ̀ bí nǹkan míràn, ó rọ̀ wọ inú yàrá rẹ̀ pàápàá, ó ba orín rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó dé tó rí i, ìyá mi ní, "Àlàájà, ẹ ò rí i pé òjò náà ń wá yín. Ó délé, kò bá yín."

Ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá kan wà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì Mẹ́kà, tó máa ń wá jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́dọ̀ wa. Ó jókòó, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá, àdúrà ìgbà òjò máa ń gbà níbikíbi tí èèyàn bá wà. Kò di dandan kó jẹ́ ìdí Kábà."

Ìyá Olórín wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìlú wo nìwọ ti wá?"

"Ìwó ni, Ìyá."

"Ṣé kò sí ilé kéwú ní Ìwó ni?"

Ọmọkùnrin náà gbá mọ́ínmọ́ín kejì mú.

Nígbà tó yá, Ìyá Olórín dá àsìkò fún ara rẹ̀. Ó ní bí oṣù kọkànlá bá parí, òjò rọ̀, òjò kò rọ̀, òun yóò relé. Ìrọ̀lẹ́ wá di nǹkan míràn fún wa. Ó ṣì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gùn mọ́. Á dúpẹ́ fún bàtà, á dúpẹ́ fún tíì, á wá gbójú sókè máa wo ọ̀nà Mẹ́kà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Èmi náà á máa wò ó. N kò fẹ́ kí ó lọ, nítorí náà inú mi ń dùn bí ìkùukùu kò bá sí. Ọgbọ́n ọmọdé nìyẹn. Mo rò pé bí kò bá rí òjò, kò ní í lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ takisí kan ládùúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní kí ó múra kíá, ìlà-oòrùn ti ṣú dúdú, àwọn tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà ní òjò ti ń kùn níbẹ̀. Ìyá Olórín wọ funfun, ó gbé báàgì rẹ̀, ó fò jáde bí ọmọge. Kí ó tó wọnú ọkọ̀, òjò Jẹ́dà dé.

Ìlú tí kò mọ òjò kì í gbẹ́ ojú àgbàrá. Ká tó ṣẹ́jú, omi ti gba gbogbo òpópó, ike àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan ń léfòó lọ. Èmi àti ìyá mi wà lórí òrùlé, à ń kó ẹ̀wà tí a sá, a sì ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà kọ̀, kò ṣí. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Màálíṣì, yá hájjà," ìyẹn ni pé kí ó má bínú. Ìyá Olórín dúró láàrin òpópó, omi dé agbede-méjì ojúgun rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Mẹ́kà, kò rìn, kò padà.

Ìyá mi gbé ẹ̀wà fún mi, ó sọ̀kalẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo tẹ̀lé e. Kí ẹ mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́: bí ó bá fẹ́ ṣàánú rẹ, yóò kọ́kọ́ bú ọ.

"Àlàájà, kí lẹ ń ṣe nínú àgbàrá? Ẹja lẹ fẹ́ pa ni?"

"Ìyàwó, ó ń rọ̀ ní Mẹ́kà. Ó ń rọ̀ lọ́hùn-ún báyìí, èmi wà níbí."

"Èyí tó ń rọ̀ níbí ńkọ́, iyọ̀ ni?"

Ìyá mi gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó fa Ìyá Olórín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ilé àtijọ́ ni, páìpù onírin kan yọ ẹnu síta lókè rẹ̀, ibẹ̀ ni omi òrùlé ń gbà dà sí òpópó. Omi náà ń dà wìì. Ìyá mi tì í sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Olórín gbójú sókè, ó nu ojú, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìgbẹ́ ẹyẹlé nìyí!"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà yín. Kí ẹ tó dé orí ẹ̀bẹ̀, ìgbẹ́ á ti tán."

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó lágbára dé ibi pé ó di ìyá mi mú kí ó má bàa ṣubú. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo retí kí ó sọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ òun gba òun, nítorí gbogbo wa la ti mọ àdúrà náà sórí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lanu, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí òrùlé ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé ọmọ mi wà láàyè. Mo dúpẹ́ pé ó ní ẹnu tó fi rán iṣẹ́ sí mi. Mo dúpẹ́ pé ó ń bínú sí mi, torí pé ká ní ó ti gbàgbé mi ni, kò ní í bínú. Mo dúpẹ́ fún ìyá mi tó tọ́ ọ. Mo dúpẹ́ fún ìyàwó yìí, ẹnu rẹ̀ kò dáa."

"Àmín," ni ìyá mi wí, báàgì ṣì wà lórí rẹ̀. Obìnrin Sùdáànì ìsàlẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí a ń sọ, òun náà ní, "Àmín." Èmi pàápàá ṣe àmín, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé yóò lọ.

Ó lọ lóòótọ́. Ní ìgbà yẹn, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti tán, tó fẹ́ relé, àwọn ọlọ́pàá ni yóò lọ fi ara rẹ̀ hàn kí wọ́n lè dá a padà. Jẹ́dà nìkan ni mo ti rí ẹni tó ń bẹ ọlọ́pàá pé kó wá mú òun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Olórín lọ, ọlọ́pàá náà wo arúgbó tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Hájjà, máa lọ sílé rẹ." Ó ní, "Ilé ni mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o mú mi lọ!" Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbà á. Ìyá mi di mọ́ínmọ́ín fún un, ó ní kí ó má jẹ́ kí Sáúdí sọ pé ebi ló lé e lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a tẹ́ ẹní sórí òrùlé. Ìyá mi se tíì. A jókòó, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ fún nǹkan kan. Ìyá mi ní tíì náà dùn jù, ó dà á nù.

Hájì ọdún tó tẹ̀lé e ni a gbọ́ ìyókù. Obìnrin kan láti ìlú Ìyá Olórín wá ìyá mi kàn ní Mínà, ó ní wọ́n rán òun. Ó ní ọmọ náà kò lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kò wá kí i. Aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń yọ́ wá. Ìyá Olórín kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò rán àgbà sí i, ó ń ta orín rẹ̀, ó ń se oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó yá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó bu oúnjẹ, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó fọ ọwọ́, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wá.

Iṣẹ́ tí Ìyá Olórín wá rán sí ìyá mi ni pé: "Sọ fún ìyàwó pé kò tíì pè mí ní ìyá. Ṣùgbọ́n ó béèrè bóyá ẹran kù. Mo dúpẹ́."

Ìyá mi jókòó sínú iyanrìn Mínà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nu ojú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ayé ti yí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti wó ilé tó pọ̀ ní Ruwáìsì. Òjò kò ní í kán tán ní Mẹ́kà kí oníbàárà mi tó fi í hàn mí lórí fóònù níbí, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ náà ló na ọwọ́ sókè, fóònù ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹ ò mọ èyí tó ń gbàdúrà nínú wọn. Iṣẹ́ tí à ń fi ọdún kan retí lẹ́nu Àlàájì, ẹ ti gbọ́ ọ kí ẹ tó fọ ojú. Mi ò sọ pé kò dáa. Ọmọ mi obìnrin wà lókè òkun, ó ń pè mí lójoojúmọ́, mò ń rí imú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń yẹ ilé wò. A kì í jà. A kì í tilẹ̀ dákẹ́ pẹ́ tó ohun tí à ń pè ní ìjà. Síbẹ̀, mo máa ń rántí ọkùnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, mo sì máa ń jowú ìyá rẹ̀.

Ní àná, ọmọ mi gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ síwájú fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ wá jẹun." Mo ní kí ó rọra jẹ ẹ́. Nígbà tó pa fóònù, mo ṣí abọ́ tèmi, mo wò ó, n kò lè jẹ ẹ́. Mo wá ké sí obìnrin tó ń ta tùràrí ní ìsọ̀ kejì, a kò bára wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí oníbàárà tó já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kó gbé àga rẹ̀ wá.

Ó ní, "Kí lo sè?"

Mo ní, "Kọ́kọ́ jókòó ná."